Àbúrò mi fẹ́ wọ Army Amẹ́ríkà: èló ló máa dé ọwọ́ ẹ̀ gan-an, pẹ́ńṣọ̀n ńkọ́?

YetundeAlaro

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti wọ aṣọ yẹn rí tàbí tí ọkọ ẹ̀ ń wọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, torí àwọn tí mo ti bi, kálukú ló ń sọ tiẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 27. Bàbá wa ló fi ìwé mú un wá kí wọ́n tó jáde láyé, gíríìn káàdì ló ní, kò tíì di sítísìn. Ó gba dìgírì nílé kó tó wá, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù jọ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti dé, alẹ́ ló ń lọ, òwúrọ̀ ló ń bọ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wọlé tó ní òun ti lọ rí rìkúrútà (ẹni tó ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ sójà), pé wọ́n ní E-4, ìyẹn ráńkì kẹrin láti ìsàlẹ̀, lòun máa fi bẹ̀rẹ̀ nítorí dìgírì òun, pé tí wọ́n bá ro owó oṣù, owó ilé àti owó oúnjẹ pọ̀, ó fi dáadáa ju ohun tí òun ń gbà báyìí lọ, àti pé tí òun bá lè ṣe ogún ọdún, òun á máa gba pẹ́ńṣọ̀n títí ọjọ́ ikú òun.

Inú ẹ̀ dùn gan-an, èmi ni oorun ò kùn mí mọ́. Ìyá wa wà nílé, àwa méjèèjì la jọ ń gbọ́ bùkátà wọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé èló ló máa ń dé ọwọ́ wọn ní tòótọ́ ní ráńkì kọ̀ọ̀kan, tí kò bá wá lè ṣe ogún ọdún yẹn ńkọ́, ṣé bó ṣe wọlé náà ló máa jáde? Tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ sí i (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ṣé màmá wa máa rí ohunkóhun? Ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀.

SajentiBode

Àǹtí Yétúndé, ẹ kú àníyàn o. Èmi ti wà nínú ẹ̀ láti 2008, E-7 ni mí báyìí. Rìkúrútà yẹn ò parọ́ fún un, àmọ́ kò sọ ọ́ dé ìdí.

Owó oṣù gangan ni wọ́n ń pè ní base pay. Ráńkì àti iye ọdún tó o ti lò nìkan ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, kò kan irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe. Ẹni tó ń se oúnjẹ àti ẹni tó ń tún hẹlikọ́pítà ṣe, tí ráńkì wọn bá dọ́gba tí ọdún wọn sì dọ́gba, iye kan náà ni. Ní April 2025, E-1 ń gba $2,319 lóṣù, E-4 tí kò tíì pé ọdún méjì ń gba $3,027.30. Lọ́dún yẹn gbogbo sójà gba àfikún 4.5%, àwọn E-1 dé E-4 tún wá gba 10% sí i, owó àwọn ọmọ kékeré kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀, ó ti ń di ọ̀rọ̀. January 2026 wọ́n tún fi 3.8% kún ti gbogbo ènìyàn. Ọ́fíísà tó kéré jù, O-1, $3,998.40 ló ń gbà ní 2025. Kò sí pé ò ń dúnàá dúrà, tábìlì owó yẹn wà ní gbangba lórí wẹ́ẹ̀bù DFAS, iléeṣẹ́ tó ń san owó sójà, kí òun fúnra ẹ̀ lọ wò ó. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ 15 oṣù ni owó ń wọlé, ìlàjì ìlàjì.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: E-4 yẹn kì í wá fúnra ẹ̀. Dìgírì tó gbà nílé, ó gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ó bá ti ibí mu, kó sì mú ìwé yẹn dání kó tó buwọ́ lu kọ́ńtíráàtì. Tí kò bá sí i, wọ́n lè kọ E-1 fún un, ó ju $700 lọ lóṣù tó máa sọnù yẹn. Kó rí "E-4" pẹ̀lú ojú ara ẹ̀ nínú ìwé, kó rí iṣẹ́ tí wọ́n fún un náà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Ó wá kan owó ilé, BAH. Èyí ni rìkúrútà máa ń fi kún ìṣírò tí gbogbo ẹ̀ á fi rí rẹpẹtẹ. Zip code ibi tí wọ́n bá rán an lọ, ráńkì ẹ̀, àti bóyá ó ní ìyàwó tàbí ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Àmọ́ àbúrò yín kò níyàwó, E-4 tí kò níyàwó bárékè ni wọ́n máa fi sí, ẹni tó wà ní bárékè kì í gba owó ilé. Owó oúnjẹ, BAS, $465.77 ló jẹ́ fún sójà lóṣù ní 2025 (ọ́fíísà kò tó bẹ́ẹ̀, $320.78 ni tiwọn), ẹni tó ń jẹun ní ilé oúnjẹ bárékè, wọ́n á gba èyí tó pọ̀ jù padà lọ́wọ́ ẹ̀. Nítorí náà base pay nìkan ni kó fọkàn sí, kó yọ owó orí kúrò nínú ẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò ní san owó ilé, kò ní san iná, kò ní san owó ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pa mọ́ lè tọ́jú owó gidi láàárín ọdún mẹ́rin.

Torí owó orí: BAH àti BAS, ìjọba kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àǹfààní ni lónìí, àmọ́ ó ní ibi tó ti ń dunni lẹ́yìn ọ̀la, mo mọ̀ pé àwọn ìyàwó tó wà níbí máa sọ ọ́.

OmoOdoOna_TX

Àǹtí mi, èmi ni mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín kejì torí orí mi ló ti ṣẹlẹ̀.

2016 ni mo wọlé, 2025 ni mo jáde, ọdún mẹ́sàn-án. Pẹ́ńṣọ̀n tí mo ń gbà lónìí: òdo. Ẹni tó bá ṣe ọdún 19 tó jáde fúnra ẹ̀, òdo náà ni. Ogún ọdún ni wọ́n kà, wọn kì í gé e sí kéékèèké fún ẹ.

Ètò àtijọ́ tí èmi bá níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní High-3, 2.5% lórí ọdún kọ̀ọ̀kan, ogún ọdún á jẹ́ 50%. Láti 1 January 2018 wọ́n gbé èyí tuntun jáde, BRS, 2% lórí ọdún kọ̀ọ̀kan, ogún ọdún á jẹ́ 40%. Àmọ́ nínú BRS, ìjọba ń fi owó tiẹ̀ sínú àpò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní TSP fún ẹ: 1% láìjẹ́ pé o fi nǹkan kan sí i, tó o bá ti pé ọdún méjì, tó o bá ń fi 5% owó oṣù ẹ sí i, àwọn náà á fi 5% sí i. Owó yẹn tìẹ ni, bó o bá jáde ní ọdún mẹ́rin ó ń bá ẹ lọ.

Ní gbogbo 2018 wọ́n ní kí àwa tá a ti wà níbẹ̀ yàn èyí tó wù wá. Wọ́n pè wá síbi kan, wọ́n jẹ́ ká wo fídíò, mo jókòó síbẹ̀ mo ń fi fóònù mi ṣeré. Mo ní kí ló dé tí n óò fi gba 40% nígbà tí mo lè gba 50%, ọkàn mi ti balẹ̀ pé ogún ọdún ni mo máa ṣe. Mi ò yí i padà. Lẹ́yìn náà ìyàwó mi bímọ kejì, ìrìn àjò pọ̀ jù, mo jáde. Ọdún méje gbáko tí ìjọba ìbá fi máa fi owó sí àpò mi, mi ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Mo ṣì máa ń ronú ẹ̀ lóru. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọṣẹ́ yìí ni kì í dé ogún ọdún, ẹ jẹ́ kí àbúrò mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fi ẹ̀mí ẹ̀ tẹ pẹ́ńṣọ̀n nìkan.

BRS ni tiẹ̀ máa jẹ́, kò ní àyàn. Wọ́n á forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún 5% láìbi í, àwọn ọmọ kan máa ń lọ dín in kù torí kí owó ọwọ́ wọn lè pọ̀ sí i. Kó má dán an wò. 5% nínú $3,027 jẹ́ nǹkan bíi $151, ìjọba á fi $151 míì tì í lẹ́yìn ọdún méjì, níbo ló ti fẹ́ rí ìyẹn lóde? Kó má sì máa wò ó bí owó àjọ o, torí ẹni tó bá fà á yọ kó tó di ọmọ ọdún 59 àbọ̀ sábà máa ń san owó ìtanràn 10% lé owó orí.

Ní tèmi, mo ti lọ wọ National Guard (àwọn sójà tí kì í wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́) báyìí kí ọdún mẹ́sàn-án yẹn má bàa ṣòfò. Tí mo bá parí ọdún mọ́kànlá tó kù, mo máa gba pẹ́ńṣọ̀n, àmọ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún ni mo máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

IyawoSoja_Mummy3

Ẹ kú ìfẹ́ àbúrò yín ma. Ọkọ mi pé ogún ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, torí náà ọ̀rọ̀ yìí là ń jẹ là ń mu nílé wa.

Ohun tí Sájẹ́ńtì Bọ́dé fi sílẹ̀ fún àwa ìyàwó nìyí: pẹ́ńṣọ̀n, orí base pay nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀. BAH kò sí níbẹ̀, BAS kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó yà mí lẹ́nu gan-an lọ́jọ́ tí mo fi ìwé àti bírò ṣe é. Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé ìlàjì ohun tó ń wọlé wá la ó máa gbà. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká sọ pé base pay jẹ́ $5,000, owó ilé $2,200, owó oúnjẹ bíi $465, ohun tẹ́ ẹ fi ń gbé ilé ró lóṣù lé ní $7,600. Ìlàjì tí wọ́n máa fún yín, $2,500, inú $5,000 ló ti jáde, wọ́n á tún yọ owó orí níbẹ̀. Lábẹ́ BRS tí àbúrò yín máa wà, $2,000 ni. Owó ilé dúró lọ́jọ́ tí iṣẹ́ dúró, onílé kò sì ní dúró.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré ṣá o, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Tó bá wọlé ní 27, ọmọ ọdún 47 ló máa jẹ́ nígbà tó bá ṣe tán, pẹ́ńṣọ̀n á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró de ọgọ́ta ọdún, ó lè tún ṣiṣẹ́ míì kó máa gba méjèèjì, ìnṣọ́ráńsì ìlera TRICARE á sì wà fún òun àti ìyàwó ẹ̀. Níbí tí ilé ìwòsàn ti ń sọ ènìyàn di onígbèsè, mi ò lè fojú kéré ìyẹn.

Tó bá wá níyàwó, kí ìyàwó náà mọ ohun tó ń jẹ́ SBP. Tí ẹni tó ń gba pẹ́ńṣọ̀n bá kú, pẹ́ńṣọ̀n kú nìyẹn, àfi tó bá ti wọ SBP lọ́jọ́ tó ń fẹ̀yìn tì. Tó bá wọ̀ ọ́, 6.5% ni wọ́n á máa yọ, ìyàwó á máa gba 55% lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ọkọ mi kọ́kọ́ ní ká fi í sílẹ̀ kí owó wa lè pọ̀, mo ní kí wọ́n gbé ìwé wá kí n rí i, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò lè kọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé èmi ìyàwó buwọ́ lù ú. Mi ò buwọ́ lù ú. A ti yanjú ẹ̀, àlàáfíà wà.

YetundeAlaro

Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kan. OmoOdoOna, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi ti Guard yẹn ṣe àrọ́pò.

Ti màmá wa ni mi ò tíì rí ìdáhùn ẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ̀, ṣé kò lè di ọ́fíísà ni? Ọmọ tó ní dìgírì, kí ló ń wá nínú E-4?

BabaMajo

Ọmọ mi Yétúndé, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Sójà lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo fẹ̀yìn tì ní Méjọ̀, torí náà mo mọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Kò lè di ọ́fíísà báyìí torí kò tíì di sítísìn, ọ̀rọ̀ ò ju ìyẹn lọ. Gíríìn káàdì ń mú ènìyàn wọ iṣẹ́ sójà, kì í mú un dé ipò ọ́fíísà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó jẹ mọ́ àṣírí ìjọba náà ò ní ṣí fún un. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn gan-an ló máa mú ìwé sítísìn yá fún un, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun kì í san owó fọ́ọ̀mù N-400. Kó bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn gbàrà tó bá ti lè ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ló lè kọ̀wé fún OCS tí wọ́n ti ń kọ́ ọ́fíísà. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin gẹ́gẹ́ bíi sójà kó tó di ọ́fíísà, O-1E ni wọ́n máa fi san án, ó ju O-1 lásán lọ dáadáa. Kì í wá ṣe ìṣòfò pé ó fi E-4 bẹ̀rẹ̀.

Kó má sì pẹ́ jù kó tó kọjá sí ọ̀hún. Láti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ́fíísà, òfin fẹ́ kó ti lo ọdún mẹ́wàá ní ipò ọ́fíísà nínú ogún ọdún yẹn. Mo mọ ẹnì kan tó kọjá ní ọdún kẹtàlá, nígbà tí ogún ọdún pé tí ara ẹ̀ sì ti rẹ̀ ẹ́, ó tún ní láti dúró ọdún mẹ́ta sí i.

Pẹ́ńṣọ̀n kì í wo ráńkì tó wà ní èjìká ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún ẹ ní àsíá. Oṣù 36 tí base pay ẹ ga jù ni wọ́n máa rò pọ̀, tí wọ́n á pín. Ẹni tó gba ìgbéga ní oṣù mẹ́fà sí ìfẹ̀yìntì, oṣù 30 tó kù lórí ráńkì àtijọ́ ló ṣì máa wúwo jù. Tí ìgbéga bá dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún 19, tó o bá lè fara dà á, dúró kí oṣù 36 pé lórí owó tuntun. Ọdún tó o fi kún un pàápàá ń fi 2% kún un, ọdún 24 lábẹ́ BRS á jẹ́ 48%.

Kò sí gírátúítì bíi ti ilé. Àwọn tó wà ní BRS lè ní kí wọ́n fún àwọn ní ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìlàjì pẹ́ńṣọ̀n wọn lẹ́ẹ̀kan náà títí di ìgbà tí wọ́n bá dé ọjọ́ orí Social Security, àmọ́ ìjọba máa ń dín owó yẹn kù kí wọ́n tó san án. Èmi ò ní gba ọmọ mi nímọ̀ràn kó gbà á. Èyí tó dáa níbẹ̀ ni continuation pay, kó tó pé ọdún 12 wọ́n á fún un ní owó tó tó oṣù méjì àbọ̀ ó kéré tán, kó lè gbà láti dúró fún ọdún mẹ́ta sí i, ó kéré tán.

Ti màmá yín. Ìnṣọ́ráńsì ẹ̀mí SGLI jẹ́ $500,000 láti March 2023, ẹni tó bá wù ú ló lè kọ síbẹ̀, ó lè kọ màmá, ó lè pín in láàárín màmá àti ìwọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, $100,000 wà tí ìjọba ń san fún àwọn ẹbí tí sójà bá kú lẹ́nu iṣẹ́, ráńkì kò kàn án, ti E-1 àti ti ọ̀gágun kan náà ni. Kó kọ orúkọ màmá bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà wọn gẹ́lẹ́, kó má kọ orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n nílé. Tó bá sì gbéyàwó, kó padà lọ tún ìwé yẹn wò.

Ó tún lè kọ màmá sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń gbọ́ bùkátà wọn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun nìkan ló ń gbé ju ìlàjì ìnáwó wọn lọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń gbé e, torí náà ẹ jókòó ṣírò ẹ̀, kí rìsíìtì owó tó ń fi ránṣẹ́ sì máa jáde lórúkọ ẹ̀. Ẹ má parọ́ níbẹ̀ o, ìwé ìjọba ni.

Ohun kan ṣì kù, òun ló sì ń dùn mí jù lórí àwọn ọmọ wa. Ẹ sọ fún un pé tí orúnkún bá dùn ún, kó lọ sí sick call, ibi tí sójà ti ń rí dókítà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa Yorùbá a máa ń fara da ìrora, a ó ní kò sí nǹkan, ọkùnrin ni wá. Owó tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà rí, ń san fún ara tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í wo ráńkì, wọn kì í gba owó orí lórí ẹ̀, ogún ọdún kò kàn án, àmọ́ àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ènìyàn mélòó ni mo ti bá jókòó tí etí wọn ti di, tí ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́, tí ìwé wọn mọ́ bíi ti ọmọ tuntun torí wọn ò lọ sọ fún dókítà rí. Tí ara bá bàjẹ́ débi tí Army fúnra wọn fi ní kó lọ, tí wọ́n sì fún un ní 30% sókè, pẹ́ńṣọ̀n ìlera wà fún un láì pé ogún ọdún.

SajentiBode

Bàbá ti sọ gbogbo ẹ̀, ẹ ṣé sà. Mo kàn fẹ́ fi GI Bill kún un. Tó bá lo ọdún mẹ́ta, ìjọba á san owó ilé ìwé fún oṣù 36 fún un. Tó bá fẹ́ fún ọmọ tàbí ìyàwó, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ọdún mẹ́fà kó sì gbà láti tún ṣe mẹ́rin, kó sì ṣe é kó tó jáde, ẹni tó ti jáde ò lè padà wá ṣe é. Owó ewu tí wọ́n ń san níbi ogun, $225 ni lóṣù. Mò ń sọ èyí torí àwọn ọmọ kan máa ń rò pé ogun ló ń sọni dolówó. Tí ìyẹn bá wà lára ohun tó ń wá, ẹ bá a sọ̀rọ̀.

YetundeAlaro

Mo ka gbogbo ẹ̀ sí i létí lánàá látòkè délẹ̀. Ó dákẹ́ nígbà tí mo dé ibi bárékè àti owó ilé, ó lọ mú ìwé tí rìkúrútà fún un wá, lóòótọ́ BAH wà nínú iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. A yọ ọ́ kúrò. Ó ṣì ju ti ibi tó ń ṣiṣẹ́ lọ tá a bá yọ owó ilé tó ń san báyìí. Ó ní òun ṣì ń lọ. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rù ò bà mí mọ́, àmọ́ mo ti gbà fún un. Wọ́n á bá a yẹ dìgírì yẹn wò kó tó buwọ́ lù ú, ó ti fi ìwé ránṣẹ́ lónìí.

Ó ní kí n bi yín, ti 5% TSP yẹn, ṣé ó lè jẹ́ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àbí ó di ìgbà tó bá pé ọdún méjì?

OmoOdoOna_TX

Ó lè fi kún un nígbàkígbà lórí myPay, wẹ́ẹ̀bù owó oṣù wọn, kò ní dúró de ọdún méjì, ti ìjọba nìkan ló ń dúró. Tó bá wà ní bárékè tí kò sanwó ilé, kó gbé e sí 10% láti oṣù àkọ́kọ́ tó bá ti lè wọ orí ẹ̀. Ẹ bá mi kí i, àǹtí mi. Tó bá fẹ́ nọ́ńbà mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.